Kíkó kọ̀ǹpútà géèmù jọ ní ilẹ̀ Ọ̀kun: ẹ wo iná kí ẹ tó wo káàdì

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín kó kọ̀ǹpútà géèmù jọ, tí ẹ sì ń gbé ní Kabba, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìyàrà, káàdì gráfíìkì (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù sí mọ́nítọ̀) kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi ni pé: níbo ni iná tó máa gbé e ti ń wá? Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iná AEDC (iléeṣẹ́ tó ń pín iná) wákàtí díẹ̀ àti inverter oníbátìrì kan ló ní. Òmíràn gbára lé jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ẹnì kẹta ti ri sólà tó dúró dáadáa. Bí owó ọwọ́ àwọn mẹ́ta yìí tilẹ̀ dọ́gba, ọjà wọn ò gbọdọ̀ jọra.

Mi ò ní kọ iye náírà kankan síbí. Bí dọ́là bá ṣe sùn ni ọjà ń jí, iye tí mo bá sì kọ lónìí á ti di irọ́ kí ẹ tó kà á. Wáàtì kì í yí padà ní tirẹ̀, òun la ó fi wọn nǹkan.

Ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni tòkúnbọ̀ ọ́fíìsì. Dell OptiPlex àti HP EliteDesk pọ̀ lọ́jà; ẹ ra ọ̀kan, ẹ ki káàdì kékeré bọ̀ ọ́, ó di ti géèmù. Kò sí èyí tó dín owó tó o, GTA V tó jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2015 kò sì ní fún un ní wàhálà. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Orí wáyà páwà sọ́pláì (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) inú ọ̀pọ̀ nínú wọn yàtọ̀ sí ti gbogbogbòò, nítorí náà bí iná bá jó o, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí kò ní wọ ibẹ̀. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn kò sì gba káàdì tó ga, àfi èyí tí wọ́n ṣe ní kúkúrú. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: Microsoft ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, kò sì fọwọ́ sí Windows 11 lórí próṣẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel tó bá kéré sí ìran kẹjọ. Valorant lórí Windows 11 tún ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, ìyẹn ètò ààbò inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, i5-6500 olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́, i5-8500 tó ní core (ọwọ́ iṣẹ́ inú próṣẹ́sọ̀) 6 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni Ryzen 5 5600G láìsí káàdì rárá, torí gráfíìkì wà nínú próṣẹ́sọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni èyí tó pé: Ryzen 5 5600 tàbí Intel i5-12400F, pẹ̀lú káàdì gidi.

Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì wọn méjì tó kẹ́yìn yìí. Bátìrì fóòtì 12, 200Ah, gbé wáàtì-wákàtí 2,400. Bó bá jẹ́ tubular (bátìrì olómi), ẹ má lò ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,200. Inverter náà á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ó ku bí 1,000. Kọ̀ǹpútà 5600G pẹ̀lú mọ́nítọ̀ íǹṣì 24 kì í sábà ju bíi wáàtì 120 lọ bí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyẹn bíi wákàtí 8. Ryzen 5 5600 pẹ̀lú RX 6600 àti mọ́nítọ̀ kan náà á fẹ́ tó 260, kò sì ní pé wákàtí 4 tí inverter á fi máa ké. Ẹ tan fáànù àti gílóòbù mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé àkókò náà tún dín.

Ìdájọ́ tèmi rèé: ẹni tó ní bátìrì kan ṣoṣo, kó ra 5600G, kó fi àyè káàdì sílẹ̀ dìgbà tí iná bá gbèrú. Fortnite, Valorant àti eFootball á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹ bá rẹ ètò àwòrán sílẹ̀. Àwọn géèmù ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni kò ní gbé dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín níbẹ̀.

Próṣẹ́sọ̀

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ni kí ẹ tẹjú mọ́. 5600 tí kò ní G kò ní gráfíìkì nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni Intel tó bá ní F lẹ́yìn. Bí káàdì yín bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan títí ẹ ó fi rí òmíràn. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí káàdì ti ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Lódì kejì, 5600 ní cache (ìrántí kékeré inú próṣẹ́sọ̀) 32MB nígbà tí 5600G ní 16MB, nítorí náà 5600 yá ju 5600G lọ bí káàdì bá ti wà lórí àwọn méjèèjì. i5-12400F àti 5600 súnmọ́ra débi pé èyí tí owó mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé) bá kéré ni kí ẹ mú. Àwọn méjèèjì ní core 6, wáàtì 65 ló sì wà lára páálí wọn, ṣùgbọ́n Intel lè gùn dé 117 bí iṣẹ́ bá le.

Ryzen 5 7600 lórí AM5 (irú ihò próṣẹ́sọ̀ tó tẹ̀lé AM4 tí 5600 ń lò) yá jù wọ́n lọ, AMD tó ń ṣe Ryzen sì ti ní òun á ṣì máa ṣe próṣẹ́sọ̀ tuntun fún AM5 dé 2027 ó kéré tán. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) irú DDR5 nìkan ló ń gbà, ó sì ti wọ́n gan-an láti ìparí 2025 torí àwọn ilé-iṣẹ́ AI tó ń kó o lọ́pọ̀. DDR4 tí AM4 ń lò náà gbówó lérí, àmọ́ ti tòkúnbọ̀ rẹ̀ ṣì wà níta. Bí mo bá fẹ́ ná owó mi ní ilé wa báyìí, AM4 ni.

Ní ti RAM, ẹ ra ẹyọ 8GB méjì, ẹ má ra ẹyọ 16GB kan. Lórí 5600G, èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán: próṣẹ́sọ̀ àti gráfíìkì ń jẹun nínú àwo kan náà ni, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ ebi á pa àwọn méjèèjì.

Káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

GTX 1650 ń jẹ wáàtì 75, RTX 3050 ti 6GB ń jẹ 70. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò wáyà iná ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá tòkúnbọ̀ mu. Nínú méjèèjì, mo fẹ́ràn 3050 jù, torí ìrántí 4GB orí 1650 ti kéré fún géèmù òde òní.

RX 6600 ń jẹ 132, RTX 3060 ń jẹ 170, RTX 4060 ń jẹ 115. Èyí tó kéré jù nínú jíjẹ iná, ìyẹn 4060, náà ló yá jù nínú wọn. Bí ẹ bá ní owó rẹ̀, tí bátìrì sì ń dùn yín, òun ni kí ẹ gbé. RX 6600 ló máa ń fún yín ní èrè jù lórí owó, 8GB rẹ̀ sì tó fún mọ́nítọ̀ 1080p. 3060 ní 12GB, ó dára fún ẹni tó tún ń ṣe àtúnṣe fídíò, ṣùgbọ́n ẹ ka páálí rẹ̀ dáadáa: irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ 8GB, kò sì yá tó ti àkọ́kọ́.

RX 580 ni mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún. Wáàtì 185 ló ń jẹ, kò sì yá tó 6600. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó wà lọ́jà ni wọ́n ti fi wa Ethereum (owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì) lọ́sàn-án lóru kí iṣẹ́ yẹn tó dópin ní oṣù kẹsàn-án 2022. Irú kan tún wà tí wọ́n kọ 2048SP sí lára. Iye ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú rẹ̀ nìyẹn; ọmọ ìyá rẹ̀ tó pé ní 2304.

Páwà sọ́pláì

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù ládùúgbò wa. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ẹ̀gbọ́n, 600 wáàtì ni, ó máa gbé gbogbo ẹ̀.” Ẹ yí i padà, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, ẹ fi iye ampere tó wà níbẹ̀ ṣe ìlọ́po 12. Bí ẹ bá rí 18A, wáàtì 216 péré nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara páálí. Bí ẹ bá rí 38A, 456 ni, ó tó fún RX 6600 tàbí 4060 pẹ̀lú àyè tó kù sílẹ̀.

Kí ẹ má tíì gbé ojú kúrò lára ìwé yẹn, ẹ wo AC INPUT. Àwọn kan ń gba 200 sí 240, àwọn kan ń gba 100 sí 240. Fóòtì 230 ló yẹ kó máa wọlé wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí gílóòbù ṣe máa ń pọ́n lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan iná. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 á dúró, èkejì á kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín géèmù. Mo gbà pé 550 tó ní àmì 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀) tó sì ń gba 100 sí 240 sàn ju 750 tí kò ní orúkọ lọ.

Inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA) sì lè máa bá páwà sọ́pláì tó ní active PFC (ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) jà: á máa hó, tàbí kó kú bí inverter bá ṣe gbà á lọ́wọ́ NEPA. Lára UPS, ẹ má ka VA, ẹ ka wáàtì. Èyí tó jẹ́ 650VA kì í sábà ju bíi wáàtì 360 lọ.

Ibi ìpamọ́ àti eruku

Ẹ fi SSD NVMe (ibi ìpamọ́ tó yára) 500GB gbé Windows àti géèmù tí ẹ ń gbá lọ́wọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá hard disk tòkúnbọ̀ 1TB mọ́ ọn. Ó lọ́ra fún géèmù gbígbá, ṣùgbọ́n dátà la fi ń ra géèmù níbí. Call of Duty nìkan ń kọjá 100GB, ẹni tó bá pa á rẹ́ torí àyè á tún ra dátà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kó o sórí hard disk, ẹ dá a padà nígbà tó bá wù yín. Láti 2023 ni Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ti ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí Wi-Fi kan náà fún ara wọn ní géèmù láìjẹ dátà.

Àpótí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n ni kí ẹ rà, kì í ṣe onígíláàsì. Oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta kò fi ojú rere wo onígíláàsì. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbé e síta, ẹ fẹ́ eruku rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka di abẹ fáànù mú kó má baà yí bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i.

Ìrìnàjò ọjà

Ará Ẹ̀gbẹ̀ lè gba Òmù-Àrán dé Ìlọrin. Ará Kabba á sáré gba Lọ́kọ́ja lọ sí Abuja. Computer Village ní Ìkẹjà ló ní oríṣiríṣi jù. Bí wọ́n bá máa fi wébíìlì ránṣẹ́ láti páàkì, ẹ ní kí wọ́n yọ káàdì kúrò lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù, kí wọ́n dì í lọ́tọ̀, torí kòtò ojú ọ̀nà máa ń fa ihò rẹ̀ ya. Bí próṣẹ́sọ̀ AM4 tòkúnbọ̀ bá dé, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀ lórí ìlà: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tò gbọọrọ. Ní ti Intel àti AM5, inú mọ́dàbọ́ọ̀dù ni abẹ́rẹ́ wà, ibẹ̀ ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí kí ẹ tó sanwó.