Òru méjì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú nítorí ìka tó ká

Aránṣọ ni mí ní Ìgbógbó, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ sì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọwọ́ ọ̀tún mi, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ náà kò lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí áńkárá mọ́: ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti ká wọlé, bí ìgbà tí ènìyàn di owó mọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Làkúrègbé ni àwọn ará ilé pè é, mo sì fi òrí ra á fún ọdún kan gbáko kí n tó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòròdú, èyí tí n kò ní dárúkọ.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ wọn yẹ fún ìyìn. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì òun (tábìlì tèmi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀), ó fọwọ́ tẹ ohun líle bí okùn tó yọ lábẹ́ awọ, ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe iṣan tó ń fa ìka ni ó bàjẹ́, bí kò ṣe ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín awọ àtẹ́lẹwọ́ àti iṣan, tó ti nípọn, tó sì ń sún kì. Dupuytren, dókítà ará Faransé tó kọ́ àwọn ènìyàn nípa rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1831, ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun láti àríwá Yúróòpù ju àwa lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tí mo ní máa ń bá a rìn. Kò fi pa mọ́ fún mi pé ó lè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mélòó nínú wọn ló ń sọ irú èyí kí wọ́n tó gba owó?

Òru méjì ni mo sùn níbẹ̀, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Wọ́ọ̀dù náà mọ́. Apá nìkan ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tó mú un kú tipiri, ojú mi là sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti fi so apá mi kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ibi tí wọ́n ń gé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n já mi kulẹ̀. Wọ́n kó oògùn fún mi, wọ́n ní kí n padà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n máa gbé ọwọ́ náà sókè. Nígbà tí mo padà, ó ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na ìka kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ike tí a ń so mọ́ ìka lálẹ́ kí ó má baà tún ká kò sì sí nínú owó tí mo ti san.

Ìka kejì ti tẹ́ lórí aṣọ báyìí, ọmọńdinrín ṣì tẹ̀ díẹ̀. Kókó kan ti ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ òsì. Bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ dókítà yẹn náà ni n ó lọ, ṣùgbọ́n n kò ní kúrò ní wọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé wọ́n kọ gbogbo ìtọ́jú tó kù sórí ìwé fún mi.