Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àwọn eléré tíátà àtijọ́ tó wà ní Kábà: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí ná

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀kun o. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nílùú Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí tó ń ta fọ́tò àtijọ́ àwọn eléré tíátà, póstà, ìwé ìròyìn Atọ́ka, kàlẹ́ńdà ògiri àti pálí rékọ́ọ̀dù, ó dáa gan-an, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn Ògúńdé àti Dúró Ládiípọ̀ àti Bàbá Sàlá bí èmi ṣe fẹ́ràn wọn, ẹ máa náwó níbẹ̀ ẹ ò sì ní kábàámọ̀. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó ń dùn mí dé eegun, màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n má gbé orúkọ àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti gbà fún wọn. Ẹ ṣáà dé ọjà kí ẹ bèèrè bàbá onífọ́tò tíátà, wọ́n á mú yín débẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò tóbi. Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá ń ṣe kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, aṣọ tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà ṣì wà lára ògiri títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àgbá bisikíìtì àti páálí bàtà ni wọ́n kó ọjà sí. Ibi tí ọjà ti ń wá ò ṣòroó mọ̀: tíṣà àtijọ́ kan kú ní Mopà tàbí Ìyàrà, àwọn ọmọ dé láti Èkó àti Abuja láti wá palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n fẹ́ dáná sun gbogbo ìwé àti fọ́tò tó wà nínú àpótí, ẹnì kan á sọ pé ẹ dúró ná, bàbá kan wà ní Kábà tó máa ń rà á. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ pé iná ló yẹ kó ti jó o.

Ohun tó jẹ́ kí n máa yin bàbá yìí kì í ṣe torí pé wọ́n ní fọ́tò Ògúńdé. Ta ni ò ní fọ́tò Ògúńdé? Ẹ wá a lórí Google, ẹ máa rí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn tó dúró lẹ́yìn Ògúńdé ńkọ́? Àwọn onílù, àwọn ọmọbìnrin tó ń jó ijó ìbẹ̀rẹ̀ eré, dírẹ́bà tó ń wa bọ̀ọ̀sì káàkiri, tó tún ń ṣe ọlọ́pàá lórí ìtàgé lálẹ́. Àwọn yẹn lorúkọ wọn ń sọnù, bàbá yìí sì ń wá orúkọ wọn kiri. Tí fọ́tò bá dé ọwọ́ wọn, wọ́n á gbé e tọ àwọn àgbà tó rí eré yẹn lójú, wọ́n á máa bèèrè pé ta nìyí, ta nìyẹn, wọ́n á wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan tí wọ́n máa ń fi há ẹ̀yìn ẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́ níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan dúró níwájú bọ̀ọ̀sì, fọ́tò ọ̀hún ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí ẹ̀ rí ṣákiṣàki bí wọ́n ṣe máa ń gé e láyé ìgbà yẹn, ojú obìnrin tó wà lápá òsì ti ń pa rẹ́, gángan wà lábẹ́ abíyá ọkùnrin kan, ọmọdé kan tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ ti yọjú láti ẹ̀yìn táyà. Mo yí i padà, orúkọ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ti onílù yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ibi tí ọmọdé yẹn bọ́ sí, bàbá kọ ọ́ pé "ọmọ àdúgbò". Mo rà á lójú ẹsẹ̀. ₦4,000 ni, mi ò tiẹ̀ ná an.

Ti Dúró Ládiípọ̀ ló lẹ́wà jù lójú tèmi. Fọ́tò dúdú-àti-funfun, wọ́n wọṣọ Ṣàngó, irun ní dídì bíi tobìnrin, oṣé wà lọ́wọ́, ẹnu wọn là sílẹ̀ bíi pé iná fẹ́ jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mọ̀ pé Ọba Kò So ni, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe l'Óṣogbo ní 1963, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì, àwọn òyìnbó tí ò gbọ́ Yorùbá rárá jókòó wò ó. Aya wọn Abíọ́dún ló ń ṣe Ọya. 1978 ni Dúró Ládiípọ̀ kú, gbogbo ìgbà tí mo bá rí fọ́tò wọn ló máa ń ká mi lára. Bàbá ò ta èyí fún mi o. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo làwọn ní, pé kí n ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún mi, oníṣòwò mélòó ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ká tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ Òṣogbo, àwa Okùn, Yorùbá apá Kábà, náà ní tiwa níbẹ̀. Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni Twins Seven-Seven, ijó ló kọ́kọ́ mú un dé Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà l'Óṣogbo, ní 1964, ó ń bá ẹlẹ́gbòogi kan tó ń ta oògùn kiri jó, kó tó di pé ó ń ya àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó tún kọrin, ó ní ẹgbẹ́ olórin tiẹ̀. Bàbá lẹ póstà àfihàn àwòrán ẹ̀ kan mọ́ òkè ilẹ̀kùn, kì í ṣe títà, àwọn ọmọdé tó ń ti ilé ìwé bọ̀ máa ń dúró wò ó. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó mọ̀ pé ọmọ Ògìdì ni, ó ní rárá. Ó mọ̀ báyìí.

Ká wá bọ́ sórí Atọ́ka, torí òun ni ọ̀pọ̀ yín máa fẹ́ gbọ́. Fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, Atọ́ka ni ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi fọ́tò sọ eré tíátà, wọ́n á ya àwọn eléré níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sẹ́bàá ẹnu ẹ̀, eré kan lè gba ẹ̀dà bíi mélòó kan kó tó parí, ẹ ó máa retí èyí tó kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ẹni tí kò lówó tẹlifíṣọ̀n tó sì wà níbi tí ẹgbẹ́ tíátà kì í dé déédéé, Atọ́ka ló fi ń wòran. Páálí kan gbáko ni bàbá ní. Àwọn tó wà lókè ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, pín-ìnnì tí wọ́n fi gún wọn láàárín ti dípẹtà, tẹ́ ẹ bá ṣí i pẹ̀lú agídí ó máa já mọ́ yín lọ́wọ́. ₦2,500 sí ₦5,000 ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wọ́n díẹ̀ lójú mi, pàápàá èyí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ya dànù, kò yẹ kí iye tiẹ̀ bá ti odindi dọ́gba. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ná an dáadáa, bàbá á bínú díẹ̀, wọ́n á sì gbà.

Ti Ògúńdé pọ̀ níbẹ̀, pálí rékọ́ọ̀dù, fọ́tò, póstà sinimá Aiyé tó jáde ní 1979. Ọmọ Òṣoṣà ni Hubert Ògúńdé, wọ́n bí i ní 1916, ó kú ní 1990, òun la sì ń pè ní bàbá tíátà Yorùbá. Ní 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ torí eré Yorùbá Ronú. Bàbá sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò rò ó rí: òfin yẹn ò kan ọ̀dọ̀ wa, torí abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kábà wà nígbà yẹn, Kàdúná ló ń ṣàkóso wa. Àwa tí wọ́n máa ń bi pé ṣé Yorùbá tiẹ̀ ni yín, ilẹ̀ tiwa ni wọn ò ti fòfin de Yorùbá Ronú. Èyí dùn mọ́ mi nínú kọjá ààlà.

Póstà Bàbá Sàlá kan wà níbẹ̀ náà, ti Ọ̀run Móoru, 1982, Ọlá Balógun ló darí sinimá yẹn. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin fún ìgbà pípẹ́, ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ já. Mi ò lè wo póstà yìí kí n má rántí bí àwọn olè ṣe ṣe ẹ̀dà sinimá náà tí wọ́n ń tà á káàkiri nínú fídíò nígbà tí ẹni tó fi gbogbo owó ẹ̀ ṣe é ò tíì jèrè. Mósè Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá fúnra ẹ̀, ò gbàgbé ìyẹn títí ó fi kú ní 2018. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn aago ńlá tó máa ń gbé kọ́rùn àti gíláàsì ràgàjì yẹn, fọ́tò kékeré tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọ́ríjínà àti ẹ̀dà ńkọ́? Mo ti dé ìlú ńlá rí níbi tí oníṣòwò kan ti gé fọ́tò nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó sì ń pè é ní ọ́ríjínà. Bàbá Kábà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà wà nínú páálí tiẹ̀ lọ́tọ̀, ₦500, wọ́n á sọ fún yín tààrà pé ẹ̀dà ni. Wọ́n tún kọ́ mi béèyàn ṣe ń dá a mọ̀. Ẹ gba awò táwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, wọ́n ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀, ẹ wo fọ́tò náà, tó bá jẹ́ inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti gé e, ẹ máa rí i pé tó-tó-tó kéékèèké ló para pọ̀ di ojú èèyàn, fọ́tò tí wọ́n fi omi oògùn fọ̀ nínú òkùnkùn ò ní tó-tó yẹn. Ẹ wá gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ dà á díẹ̀, ibi tó dúdú jù létí fọ́tò tó ti pẹ́ máa ń dán bíi fàdákà, torí fàdákà gan-an ló wà nínú bébà yẹn. Kẹ́ ẹ tún yẹ ẹ̀yìn wò, nígbà míì ẹ máa rí Kodak tàbí Agfa tí wọ́n tẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tàbí òǹtẹ̀ onífọ́tò tó yà á.

Wọ́n sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo rí fọ́tò kan tí wọ́n kọ Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Oyin Adéjọbí mà nìyí, ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó sídìí tábìlì ilé ẹjọ́, Kóòtù Aṣípa ni." Eré tẹlifíṣọ̀n Oyin Adéjọbí ni Kóòtù Aṣípa, eléré tíátà míì ni Ògúnmọ́lá ní tiẹ̀. Bàbá mú awò, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, o ṣé o." Wọ́n pa èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́ níṣojú mi, wọ́n sì kọ òmíì.

Ó wá ku ohun tó ń dùn mí. Wọ́n ń ṣe laminéètì fún fọ́tò! Ẹ̀rọ ẹ̀ wà lórí tábìlì, ọmọkùnrin kan tó ń bá bàbá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é, ó rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀ ni, torí kòkòrò àti ọ̀rinrin. Ẹ gbọ́, fọ́tò ọ́ríjínà tí wọ́n bá ti fi rọ́bà gbígbóná bò ti bàjẹ́ nìyẹn, iná ẹ̀rọ yẹn ń jó ojú fọ́tò, gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn títí láé, ẹ ò lè ṣí i mọ́ láìfà á ya, ẹ ò sì lè kọ orúkọ kankan sẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Orúkọ yẹn gan-an tí bàbá ń fẹsẹ̀ rìn kiri kí wọ́n tó rí i! Mo rí fọ́tò àwọn obìnrin eléré kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ ti wú sábẹ́ rọ́bà, ó wú sójú ọ̀kan nínú wọn, ojú yẹn ò ní padà wá mọ́. Mo bá bàbá sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba, pé àpò bébà lásán tó, kí wọ́n gbé e kúrò lára ògiri àti lójú oòrùn, kí wọ́n má fi sẹ́lótéèpù kàn án rárá torí ó máa ń fi àbàwọ́n pupa sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ló ń bèèrè fún laminéètì, pé ó ń dán, ó ń wu èèyàn. Nítorí náà ẹ̀yin oníbàárà ni mò ń bẹ̀ báyìí, ẹ má bèèrè fún un mọ́.

Wọ́n máa ń ṣí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ọjọ́ Sunday. Wọ́n ń gba tíránsífà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe ségesège níbẹ̀, ẹ mú káàṣì dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti apá Yàgbà, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, ẹ tètè kúrò nílé kí ẹ lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí fọ́tò eléré bá wà nínú àpótí ìyá yín àgbà, ẹ lè gbé e lọ, bàbá á bá yín wá orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ẹ ó sì gbé fọ́tò yín padà sílé. Ẹ ṣáà sọ fún ọmọkùnrin yẹn kẹ́ ẹ tó jókòó pé ẹ ò fẹ́ laminéètì.