Gàárì wo ló bá ẹṣin Ọjúde Ọba mu?

Gàárì káúbọ̀ì ni ojú àwọn tó fẹ́ ra gàárì tuntun máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ó fẹ̀, ó gbayì, ó sì ní ìwo níwájú. Iṣẹ́ màlúù ni wọ́n ṣe é fún: ìwo yẹn ni wọ́n ń so okùn tí wọ́n fi mú màlúù mọ́. Ẹni tó máa jókòó lórí ẹṣin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ máa gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ó lè wọn kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń tẹ̀ lé ni pé kí èèyàn àti gàárì má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin lọ. Ẹṣin kílò 350 á gbé 70. Ẹ yọ gàárì kúrò, ó ku 55. Àgbàlagbà mélòó ló wọn 55, ká má tíì ka agbádá aṣọ òkè?

Gàárì Hausa tí wọ́n ń lò fún Durbar ga níwájú, ó ga lẹ́yìn, ó ń di èèyàn mú ṣinṣin. Ó dára fún ayẹyẹ, ṣùgbọ́n igi ni egungun rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ti póló, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí ẹṣin, rí pẹlẹbẹ, kò ní tìmùtìmù orúnkún, kí agbábọ́ọ̀lù lè rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lu bọ́ọ̀lù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tí a máa rà ni ti Gẹ̀ẹ́sì oníṣẹ́-púpọ̀, tí kì í ṣe awọ gidi. Òjò kì í bà á jẹ́, èbu kì í bò ó bíi ti awọ, omi lásán lẹ fi ń fọ̀ ọ́. Irú ti Wintec, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe gàárì, tún ní irin iwájú tó ṣeé pààrọ̀: àwọ̀ ìyeyè fún ẹ̀yìn tóóró, dúdú fún agbedeméjì, pupa fún ẹ̀yìn tó fẹ̀. Ẹ tú síkírù, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹṣin tó rù lẹ́ẹ̀rùn tó sì sanra lẹ́yìn òjò kò ní nílò gàárì méjì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e lé ẹṣin láìsí aṣọ lábẹ́. Kó wà lẹ́yìn egungun èjìká, kó má kọjá egungun ìhà tó kẹ́yìn. Kí èèyàn gùn ún: ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ àárín gàárì àti gegele èjìká. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ tú u. Tí òógùn bá rin gbogbo ẹ̀yìn àfi ojú ibì kan tó gbẹ, ibẹ̀ ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́. Irun funfun tó hù lẹ́yìn ẹṣin dúdú, ọgbẹ́ gàárì àtijọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ tún okùn abẹ́ ikùn fà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí àwọn ẹṣin kan máa ń fẹ́ ara nígbà tẹ́ ẹ bá ń dì í. Kí irin ìtẹsẹ̀ sì fẹ̀ ju bàtà lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bàtà onímú gígùn tẹ́ ẹ rà fún Ọjúde Ọba, ẹ gbé e dání lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀.