Àlejò Kan, Onílé Mẹ́ta: Ọdún Méjì Tí Mo Ti Ń Gbé VirtualBox Kiri Ilé-Ifẹ̀

Ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló kó mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ láyé Windows 7. Ọmọ náà ti rìnrìn àjò, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ètò rẹ̀ ò sì gbà kó ṣiṣẹ́ lórí Windows 11. Ni mo bá fi VirtualBox sórí láptọ́ọ̀pù mi, mo gbé Windows 7 sínú rẹ̀, mo fi ètò náà sí i. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ nìyẹn: kọ̀ǹpútà tó jẹ́ fáìlì lásán, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn bí àlejò.

Ọ̀fẹ́ ni VirtualBox. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, Innotek, ló kọ́kọ́ ṣe é. Sun ra Innotek ní 2008, Oracle ra Sun ní 2010. Ohun tó mú mi yàn án ni pé ó wà fún Windows, Linux àti Mac, nítorí ilé mẹ́ta ni àlejò mi ń sùn: láptọ́ọ̀pù mi ní Parakin, Linux, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Lagere, Windows 11, àti MacBook àbúrò mi, tó bá wá sílé. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan náà ni níbikíbi tí èèyàn bá gbé e dé. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn onílé ò jọra.

Gbígbé e kò le. Fáìlì dísíìkì rẹ̀, èyí tó parí sí .vdi, tó gígábáìtì 22. Flash tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kó o kọ̀ jálẹ̀, torí FAT32 ni ìlànà ìtọ́jú fáìlì tó wà lórí rẹ̀, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan tó bá tó gígábáìtì 4. Mo ra SSD (dísíìkì alágbèéká) kékeré, mo fi ìlànà exFAT sí i, onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń kà á. Odindi fóldà ni kí ẹ gbé o, kì í ṣe .vdi nìkan, torí inú fáìlì .vbox ni gbogbo ètò ẹ̀rọ náà wà. Ẹ sì jẹ́ kí VirtualBox tó wà lọ́hùn-ún àti tìhín jẹ́ ẹ̀dà kan náà.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, mò ń tẹ owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 43 wọlé, iná lọ, bátìrì sì ti ń kú lọ. Mi ò ráyè pa ẹ̀rọ, mo kàn tẹ "Save the machine state". Ó máa ń dùn púpọ̀: gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ á sùn síbẹ̀, á jí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n Intel ni ọpọlọ (processor) láptọ́ọ̀pù mi, AMD ni ti ọ́fíìsì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó fẹ́ yáwó ti jókòó, mo tẹ Start, àṣìṣe gbòòrò bo ojú ẹ̀rọ. Ìyá akápò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbójú sókè lórí gíláàsì wọn.

"Ṣé àpótí inú àpótí rẹ tún ti ya wèrè ni?"

"Rárá o, màámi. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìṣẹ́jú márùn-ún di wákàtí kan ààbọ̀. Ọpọlọ tí àlejò náà gbé sùn kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi jí i, kò sì gbà. Ohun tó kù ni kí n tẹ Discard, èyí tó dà bí ìgbà tí èèyàn fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Orúkọ 43 yẹn, mo tún un tẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ náà, inú Windows 7 fúnra rẹ̀ ni mo ti ń pa á, àpatán, kí n tó fọwọ́ kan SSD.

Ti nẹ́tíwọ̀kì náà wà níbẹ̀. Bridged, tó ń so àlejò tààrà mọ́ káàdì nẹ́tíwọ̀kì onílé, ni mo fi sí nílé, ó so mọ́ káàdì Wi-Fi mi. Ní Lagere, kò rí káàdì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì tàn. Mo yí i sí NAT, tó ń gba ìsopọ̀ onílé kọjá láìka káàdì sí. Nígbà tó yá, mo yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, torí láti oṣù kìíní 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 7 dúró.

Lórí Windows 11, ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé VirtualBox lápá ọ̀tún. Tí ẹ bá rí ìjàpá aláwọ̀ ewé, ẹ ti bá ọkọ Yánníbo pàdé. Ohun tó ń wí ni pé Hyper-V, ètò ẹ̀rọ-inú-ẹ̀rọ ti Windows fúnra rẹ̀, ti gba àyè inú ẹ̀rọ, VirtualBox sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Windows 7 mi ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn. Mo pa Memory integrity, ètò ààbò kan nínú Windows, mo kọ àṣẹ bcdedit /set hypervisorlaunchtype off, mo tún ẹ̀rọ tàn, ìjàpá lọ, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ààbò Windows dín kù díẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì ń lo WSL2 (Linux inú Windows) kò ní rí i lò mọ́, nítorí náà kí kálukú ro tirẹ̀.

Linux ló gbà á jù. Lórí láptọ́ọ̀pù mi tó ti gbó, ìṣẹ́jú àáyá ogójì, ó ti tàn. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé tí kernel, ọkàn Linux, bá yí padà, mo lè ní láti kọ sudo /sbin/vboxconfig kó tó tún ṣiṣẹ́, tí Secure Boot, ètò tó ń yẹ ohun tó fẹ́ tàn wò, bá sì wà, ẹ máa fọwọ́ sí módù (module) tí VirtualBox ń fi kún kernel.

Mac ńkọ́? M1, ọpọlọ irú ARM tí Apple ṣe, ló wà nínú ti àbúrò mi. VirtualBox 7.1 wà fún un, àmọ́ àlejò ARM nìkan ló ń gbà, Windows 7 mi kì í sì í ṣe ARM. A gbìyànjú UTM, ètò mìíràn tó ń ṣe bíi ọpọlọ Intel. Mo gbé ìrẹsì kaná, ìrẹsì jinná, Windows ò tíì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. A pa á, a jẹun.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún VirtualBox. Mo ti bẹ alága kí a fi Linux sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìpàdé ọdún.