Oṣù mẹ́jọ tí mo ti fi iná LED méjì kún ti alùpùpù mi

Láti ọjọ́ tí mo ti ra alùpùpù yìí ni iná iwájú rẹ̀ kò ti tẹ́ mi lọ́rùn. Gílóòbù halogen kan ṣoṣo ni, 35 wọ́ọ̀tì, ó ń pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Níbi tí iná òpópónà bá wà, èèyàn kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òkùnkùn bá ti ṣú biribiri, àárín ọ̀nà nìkan ni mo ń rí. Etí ọ̀nà, níbi tí kòtò àti ẹran máa ń wà, ojú mi kì í dé ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ajá kan já sójú ọ̀nà láti apá ọ̀tún. Kí n tó rí i, imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà mi. Èmi àti ajá, kò sẹ́ni tó fara pa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo ti ń wá iná kiri.

Méjì ni mo rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, 20 wọ́ọ̀tì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù ni ara wọn, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ bí eyín òòyà kí ooru lè máa ráyè jáde. Lára páálí ni wọ́n kọ 20,000 lumen sí (lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. LED tó dáa máa ń mú nǹkan bí 100 lumen jáde lórí wọ́ọ̀tì kan, nítorí náà 40 wọ́ọ̀tì kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju 4,000 lọ. Bẹ́ẹ̀, 4,000 náà kì í ṣe kékeré, torí gílóòbù tó wà níwájú alùpùpù mi kò tó 1,000. Ká ní òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, màá ṣì rà á. Kí wá ni irọ́ fún?

Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ so ó, ibẹ̀ ni mo sì ti jìyà. Mo fa wáyà láti bátìrì tààrà lọ sára súìsì kékeré tó bá a wá, mo ro pé iṣẹ́ ti parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo wọlé, mo gbàgbé súìsì. Iná méjèèjì ń fa ju amp 3 lọ, bátìrì mi kò sì ju 7 amp-hour lọ, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ju "tìkì" lọ tó ń dún. Mo fi ẹsẹ̀ ta á títí aṣọ mi fi tutù fún òógùn.

Rewáyà tí mo gbé e lọ bá wo iṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín ṣe èyí?" Mo dákẹ́. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó fi relay sí i, ìyẹn súìsì tí iná kékeré máa ń tan iná ńlá: ẹsẹ̀ 30 gba iná láti bátìrì, 87 gbé e lọ sára àwọn LED, 86 so mọ́ wáyà iná ẹ̀yìn, 85 lọ sára irin alùpùpù. Bí mo bá ti pa kọ́kọ́rọ́ báyìí, ohun gbogbo kú. Ó fi fíúsì 5 amp sí ìtòsí bátìrì gan-an, kí ó jẹ́ pé bí wáyà bá bó tó sì kan irin, fíúsì ni yóò já kí wáyà tó gbiná. Ó sì yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún sósì kó tó di wáyà mọ́lẹ̀, kó má bàa máa fà. Èmi kò ronú kan ìyẹn rárá.

Síbẹ̀, ìyà kò tíì tán. Ẹ̀gbẹ́ iná iwájú ni mo so wọ́n mọ́, mo kọjú wọn síwájú gbọnrangandan. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń ṣẹ́ iná sí mi. Awakọ̀ àjàgbé kan tan gbogbo tirẹ̀ pátá, mi ò rí ọ̀nà mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Mo bínú sí i títí mo fi délé, kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe fún wọn ló ṣe fún mi. Mo sọ wọ́n kalẹ̀ sára irin tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Mo gbé alùpùpù dúró ní mítà 8 sí ògiri, ẹnì kan jókòó lé e kó lè tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ lójú ọ̀nà, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí gíga iná náà mọ, mo sì rẹ iná sílẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wà lábẹ́ àmì náà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ṣẹ́ iná sí mi.

Ó wá ṣiṣẹ́. Irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀ ni mo rà, kì í ṣe èyí tó ń lọ jìnnà, etí ọ̀nà méjèèjì sì ti là. Ohun tí n kò retí ni ti àwọn onímọ́tò. Iná kan ṣoṣo lókùnkùn dà bí àmì kan lásán, awakọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó jìnnà tàbí ó sún mọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta tó dúró bí ààrò máa ń ya ara wọn sọ́tọ̀ bí o ṣe ń bọ̀, ojú awakọ̀ sì ń mọ̀ pé o ń bọ̀. Àwọn tó ń já wọ iwájú mi ní oríta ti dín kù. Wọn kò tán o.

Nínú òjò àti kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ funfun náà ń padà wá sójú mi. Mo ra ìdérí aláwọ̀ òféfèé sí i, ojú mi sì rọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo máa ń pa wọ́n, torí bí ẹ́ńjìnnì kò bá sáré púpọ̀, bátìrì ń wálẹ̀ sí fóltì 12.4 lójú mítà. Nọ́ọ̀tì ọ̀kan tú ní oṣù kejì, iná náà ń wo ojú ọ̀run. Èyí tó ní rọ́bà nínú ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n kọ IP67 sára páálí náà, èyí tó yẹ kó gba mítà 1 nínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Apá ọ̀tún gba òjò láìṣe nǹkan kan. Apá òsì ti ń láàgùn nínú gíláàsì. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́. Oṣù kejì rèé.