Àgbéyẹ̀wò NCAA Hall of Champions ní Indianapolis

Ẹni tó bá fẹ́ràn eré ìdárayá, tí ìrìn àjò sì gbé e dé ìlú Indianapolis ní ìpínlẹ̀ Indiana, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láì yà sí NCAA Hall of Champions, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tó wà nínú ọgbà White River State Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi yẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá Amẹ́ríkà sí.

Ilé alájà méjì ni. Ní ìsàlẹ̀, eré ìdárayá 24 ni wọ́n fún láyè, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi sì dúró sí. Ẹni tó ń yin ìbọn, ẹni tó ń fi idà ṣeré àti ẹni tó ń jìjàkadì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn gbajúmọ̀ tí tẹlifíṣàn máa ń gbé, wọ́n sì ń fi fídíò, ẹ̀rọ ìbéèrè àti ohun èlò tí àwọn yunifásítì fi ta ilé náà lọ́rẹ sọ ìtàn wọn. Ó tọ́ kí wọ́n yẹ àwọn tí kò lókìkí náà sí, nítorí pé nínú ìpele mẹ́ta tí NCAA pín àwọn ilé ẹ̀kọ́ sí láti ọdún 1973, ìpele kẹta kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré. Ìfẹ́ eré ló ń jí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ìdájí.

Níbi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, mo rántí àwọn tiwa. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wà lára ikọ̀ yunifásítì Houston tó fìdí rẹmi ní àṣekágbá ìdíje NCAA ọdún 1983, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù. Ní 2018, Arike Ogunbowale ti yunifásítì Notre Dame ju bọ́ọ̀lù tó gba ìṣẹ́gun sáwọ̀n nígbà tó ku díẹ̀ kí àkókò tán, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje àwọn obìnrin: nígbà tí wọ́n pàdé ikọ̀ Connecticut, lẹ́yìn náà ní àṣekágbá pẹ̀lú ikọ̀ Mississippi State. Inú mi dùn gidigidi bí mo ṣe ń ronú nípa wọn.

Òkè ni ti àwọn ọmọdé, àti àgbà tí ara rẹ̀ bá yá gágá. Wọ́n ṣe gbọ̀ngàn eré kan síbẹ̀ bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1930, ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi dán oríṣiríṣi eré wò sì wà pẹ̀lú. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ìsàlẹ̀ ká dáadáa, torí bó bá ti gun òkè, kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.