Simon: ẹ rà á fún ọmọ, àmọ́ Eré 2 ni kó máa ṣe

Ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Milton Bradley gbé Simon, ẹ̀rọ ìṣeré tó ń tanná tó sì ń dún, jáde ní Amẹ́ríkà. Ralph Baer àti Howard Morrison ló ṣe é. Ó rí roboto bí àwo. Gíríìnì àti pupa wà lókè, yẹ́lò àti búlúù wà nísàlẹ̀, ohùn tí kálukú ń ké sì yàtọ̀. Ní Eré 1, ẹ̀rọ á tan àwọ̀ kan, ọmọ á tẹ̀ ẹ́; á tún un tàn, á fi òmíràn lé e, ọmọ á tẹ méjèèjì. Ní ìpele 1, títẹ̀ mẹ́jọ ni ìtẹ̀léra náà ń dé. Ní ìpele 4, 31.

Torí kí ọwọ́ ọmọ lè já gaara ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń rà á, Eré 1 kò sì lè ṣe ìyẹn. Gbàrà tí ọmọ bá ṣì í tẹ̀, ẹ̀rọ á da èyí tó ń kọ́ nù, á mú tuntun wá. Etí àti ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò rí ohun kan náà tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó ń fò súwè: ilà tí wọ́n fà sílẹ̀ kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ní Eré 2, àwọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀rọ ń mú wá; ẹni tó ń ṣeré ló ń fi ìyókù kún un. Ẹ mú márùn-ún péré: gíríìnì, pupa, pupa, búlúù, yẹ́lò. Bí kò bá fi gíríìnì bẹ̀rẹ̀, ẹ tún eré náà bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi mú un wá. Ọwọ́ òsì ni ti gíríìnì àti yẹ́lò, ọ̀tún ni ti pupa àti búlúù, lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá fi ọ̀tún tẹ yẹ́lò lónìí, tó fi òsì tẹ̀ ẹ́ lọ́la, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kọ́. Orí pupa kejì ni wọ́n ti sábà máa ń kọsẹ̀, torí ìka kì í kúrò lórí bọ́tìnnì tán kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó gé e sí méjì: gíríìnì-pupa, kó gbé ọwọ́, pupa-búlúù-yẹ́lò. Kó má pẹ́ jù níbẹ̀ o. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ̀rọ á kà á sí àṣìṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní 2007, àwọn olùwádìí Dorfberger, Adi-Japha àti Karni ní Ísírẹ́lì kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9, 12 àti 17 bí wọn yóò ṣe máa fi ìka kan àtàǹpàkò ní ìtẹ̀léra kan. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ wọn ti yá ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìtẹ̀léra mìíràn kọ́ wọn ní wákàtí méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó ba ti àwọn ọmọ ọdún 17 jẹ́. Kò ba ti àwọn kékeré jẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ kékeré kọ́ méjì lọ́jọ́ kan kì í ṣe èèwọ̀. Láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rán an létí ohunkóhun. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń dá yín lóhùn lọ láìdúró, ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Bátìrì ńlá D méjì àti 9V kan ló ń lò. Àwọn tuntun kì í rí bákan náà. Ẹ bèèrè bóyá Eré 2 wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.